Ìmúrasílẹ̀ Yunifásítì Texas ní Austin fún òfin ìbọn nínú ọgbà

Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Greg Abbott, gómìnà ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, buwọ́ lu òfin SB 11. Òfin náà gbà kí ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ gbé ìbọn ìléwọ́ wọ inú ilé ní yunifásítì ìjọba, bí kò bá ti hàn síta. Ìta gbangba inú ọgbà ni àṣẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ tẹ́lẹ̀. Nígbà náà, ẹni ọdún 21 sókè ló ń gba ìwé àṣẹ náà, àfi ọmọ ológun, nítorí náà kò kan ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní àti ìkejì.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2016 ni òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọjọ́ náà gan-an ló pé àádọ́ta ọdún tí Charles Whitman gun ilé gogoro àárín ọgbà Yunifásítì Texas ní Austin, tó sì ń yìnbọn pa ènìyàn láti òkè. Òkúta ìrántí tuntun tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó kú sí ni yunifásítì náà ṣí lọ́jọ́ yìí. Ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni tó mọ ìtàn ọgbà náà má kíyè sí bí ọjọ́ méjèèjì ṣe pàdé.

Ọ̀gá yunifásítì náà, Gregory Fenves, yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 19, ó sì fi Steven Goode, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ òfin, ṣe alága. Kíláàsì ló fa wàhálà jù. Gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀, títí kan àwọn tó ní ìbọn nílé, ló gbà pé kò yẹ kí ìbọn wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò jẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ ṣe ìlànà tí yóò sọ àṣẹ oníbọn di asán, bẹ́ẹ̀ kíláàsì ni akẹ́kọ̀ọ́ ń bá wá sọ́gbà. Wọ́n fi kíláàsì sílẹ̀ fún ìbọn. Wọ́n wá ka ìbọn léèwọ̀ ní ọ̀pọ̀ yàrá ilé gbígbé akẹ́kọ̀ọ́, níbi ìtọ́jú aláìsàn àti níbi tí kẹ́míkà eléwu wà. Olùkọ́ tó ń dá lo ọ́fíìsì lè kọ ìbọn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ni yóò fi sọ ọ́ fún àlejò rẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 2016, Fenves gba àbá wọn, ó sì sọ ní gbangba pé òun kò gbà pé ìbọn yẹ ọgbà yunifásítì. Ìgbìmọ̀ olùdarí àgbà fọwọ́ sí ìlànà náà ní oṣù keje, àmọ́ wọ́n yọ apá tó ní kí ọta má ṣe wà lójú ìyìn ìbọn tí ènìyàn bá gbé kiri.

Fritz Steiner, tó jẹ́ olórí ẹ̀ka ìmọ̀ iṣẹ́ ayàwòrán-ilé, fi ibẹ̀ sílẹ̀ lọ sí Pennsylvania, ó sì ní òfin náà wà lára ohun tó lé òun. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin mẹ́ta gba kóòtù lọ: wọ́n ní ìbẹ̀rù ìbọn yóò pa ẹnu mọ́ àwọn lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ tó gbóná bá délẹ̀ ní kíláàsì. Adájọ́ da ẹjọ́ náà nù ní ọdún 2017. Ní ọdún 2018, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fọwọ́ sí ìdájọ́ náà, wọ́n ní orí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣì lè ṣe lọ́la ni ìbẹ̀rù wọn dá lé.