Ìlera ọpọlọ àwọn obìnrin lẹ́nu iṣẹ́ ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Sábẹ̀ẹ́

Ìlera ọpọlọ obìnrin lẹ́nu iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ ohun tí iṣẹ́ oòjọ́ ń ṣe sí ọkàn obìnrin, àti ohun tí ọ̀gá, ẹgbẹ́ ọjà, ẹbí àti ìjọba lè ṣe kí iṣẹ́ náà má baà sọ ọ́ di aláìsàn. Ní àwọn ìlú Yorùbá tó wà ní Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ní ojú tirẹ̀, nítorí pé obìnrin tó ní ọ̀gá tó ń sanwó oṣù fún un kò pọ̀ níbẹ̀. Ọjà, oko, ìdí ààrò gààrí, ṣọ́ọ̀bù aránṣọ àti ilé oúnjẹ ni ibi iṣẹ́ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, àwọn fúnra wọn ló sì jẹ́ ọ̀gá ara wọn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wọ́pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ: níbi tí ọkùnrin 2 bá ti ní in, obìnrin bíi 3 ló máa ń ní in. Ní ọdún 2022, àjọ náà àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé gbé ìṣirò kan jáde pé ìrẹ̀wẹ̀sì àti àìbalẹ̀ ọkàn ń jẹ ọjọ́ iṣẹ́ bílíọ̀nù 12 run lọ́dọọdún káàkiri ayé, pé àdánù tó ń tìdí ẹ̀ yọ sì súnmọ́ tírílíọ̀nù 1 dọ́là. Ní ti aláta tí kò lè dìde lórí ẹní lọ́jọ́ ọjà, kò sí ìwé tí ẹnikẹ́ni ń kọ àìwá rẹ̀ sí.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́

Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ni olú ìlú orílẹ̀-èdè náà, ibẹ̀ sì ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin wà. Olùkọ́, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ ìjọba tó jẹ́ obìnrin wà níbẹ̀ ju Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ní ọjà Ouando ni èèyàn ti máa ń rí i pé iṣẹ́ obìnrin ju ti ọ́fíìsì lọ. Yorùbá àti Ègùn ni wọ́n fi ń ná ọjà níbẹ̀. Ní Kétu, iṣẹ́ oko ló gbòde: àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ata, tòmátì. Sábẹ̀ẹ́ wà lójú ọ̀nà reluwé tó ti Kútọnu lọ sí Parakou. Iṣu àti kajú wà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ ṣúgà náà sì wà.

Gààrí kò yọ ìlú kankan sílẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Obìnrin ló ń bó ẹ̀gẹ́, òun ló ń rin ín, òun ló ń sẹ́ ẹ, òun náà ló ń dín in. Ẹni tó ń dín gààrí máa ń jókòó ti iná fún ọ̀pọ̀ wákàtí, èéfín á máa wọ̀ ọ́ lójú, ọmọ sì lè wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà náà.

Ohun tó ń wọ̀ wọ́n lọ́rùn

Gbèsè ló ṣáájú. Àwọn ilé ẹ̀yáwó kéékèèké máa ń yá obìnrin lówó lẹ́gbẹẹgbẹ́, kí olúkúlùkù lè ṣe onígbọ̀wọ́ fún ẹnì kejì. Bí ọ̀kan kò bá rí owó san, ọrùn àwọn yòókù ló ń já lé, ọjọ́ ìpàdé á sì di ọjọ́ ìtìjú. Ìjọba náà ní ètò ẹ̀yáwó kan tí wọ́n sọ ní Alafia, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2020, tí owó rẹ̀ ń gba orí fóònù wọlé. Ẹ̀yáwó kékeré ti sọ ọ̀pọ̀ obìnrin di oníṣòwò. Ó tún ti gba oorun lójú àwọn mìíràn, àgàgà níbi tí ọjọ́ ìsanwó bá ti ń ṣáájú ìkórè.

Ẹnubodè ni ìkejì. Ọjà Àjàṣẹ́ àti ti Kétu so mọ́ ti Nàìjíríà pẹ́kípẹ́kí, nípasẹ̀ àwọn ìlú ẹnubodè Igolo àti Ìlárá. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ti ẹnubodè orí ilẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, oṣù kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ẹni tó ti fi owó àyálò kó ọjà tó ń jẹrà sílẹ̀ rí i bó ṣe bàjẹ́ lójú ara rẹ̀, gbèsè kò sì tìtorí ìyẹn dúró. Kò pẹ́ púpọ̀ sígbà náà ni náírà já wálẹ̀ gan-an, láti oṣù kẹfà ọdún 2023. Obìnrin tó ń kó owó ọjà rẹ̀ pa mọ́ ní náírà sùn lọ́lọ́jà, ó sì jí pẹ̀lú owó tí kò ra ìdajì ohun tó ń rà tẹ́lẹ̀ mọ́. Irú ìdààmú báyìí kì í ṣe àìsàn fúnra rẹ̀. Tó bá pẹ́ lára ni àìsàn ń tìdí rẹ̀ yọ.

Iṣẹ́ ilé wà níbẹ̀ pẹ̀lú: omi, igi ìdáná, oúnjẹ, ọmọ, arúgbó. Bí ọjà bá ti tú ni iṣẹ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ orogún, àìrọ́mọbí àti opó tí ẹbí ọkọ ń bá du ẹrù máa ń bá obìnrin dé ìdí àtẹ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò ní kà wọ́n mọ́ wàhálà ibi iṣẹ́.

Ti àwọn tó wà lábẹ́ ẹlòmíràn tún yàtọ̀. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ aránṣọ tàbí onídìrí máa ń lo ọdún púpọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá láìgba owó oṣù. Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà ní màkí, ìyẹn ilé oúnjẹ àti ọtí, olùkọ́ tí ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ ń retí ìbuwọ́lù, oníṣòwò tó fẹ́ kọjá níwájú ọlọ́pàá ẹnubodè: gbogbo wọn lè bá ọkùnrin pàdé tó fẹ́ fi ìbálòpọ̀ dúnàádúrà. Ẹni tó bá kọ̀ lè pàdánù iṣẹ́, ẹni tó bá sọ síta lè pàdánù orúkọ.

Ìbímọ àti ìpadà sẹ́nu iṣẹ́

Àkókò oyún àti ìgbà tí ọmọ ṣì wà ní ìkókó ni ọkàn obìnrin máa ń ṣe ẹlẹgẹ́ jù. Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe sọ, lágbàáyé, aboyún bíi 10 nínú 100 àti ìyá ọmọ tuntun bíi 13 nínú 100 ló ń ní àìsàn ọkàn kan tàbí òmíràn, pàápàá ìrẹ̀wẹ̀sì. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́, ó ga sí 15.6 nígbà oyún àti 19.8 lẹ́yìn ìbímọ.

Àbísínwín ni àwọn Yorùbá mọ̀ jù nínú àwọn àìsàn yìí. Ó máa ń dé lójijì, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbí. Ìyá ọmọ kò ní sùn, á máa sọ ìsọkúsọ, á máa rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí. Ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀ràn ilé ìwòsàn kíákíá ni, nítorí ó lè ṣe ara rẹ̀ tàbí ọmọ léṣe. Ìrẹ̀wẹ̀sì, èyí tó wọ́pọ̀ jù ú lọ, dákẹ́. Ìyá náà ń dín gààrí rẹ̀, ó ń ka owó rẹ̀ pé, kò sì sí ohun tó dùn mọ́ ọn mọ́. Kò sẹ́ni tó máa pe ìyẹn ní àìsàn.

Nínú àṣà, ìyá tàbí ìyá ọkọ ló máa ń wá wẹ ọmọ, tí á fi omi gbígbóná wẹ ìyá ọmọ, tí á sì máa se oúnjẹ títí ara á fi le. Fún oníṣòwò, ìwẹ̀mọ yìí nìkan ni ìsinmi ìbímọ tó ní. Ó ti ń dín kù báyìí níbi tí tọkọtìyàwó ti ń gbé yàrá àyágbé ní Àjàṣẹ́, tí ìyá àgbà fúnra rẹ̀ sì ní àtẹ tó ń dúró dè é nílé.

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́

Obìnrin tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì kì í sábà wí bẹ́ẹ̀. Ohun tó máa sọ ni pé orí òun ń gbóná, pé àyà òun ń já, pé oorun ò kun òun, pé ìrònú ti pọ̀ jù. Àwọn mìíràn a ní nǹkan ń rìn nínú orí àwọn. Ọdẹ orí ni àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ń pe èyí, àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Nàìjíríà náà sì ti kọ̀wé lé e lórí láti bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Bí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tí èrò pọ̀ níwájú rẹ̀, oògùn ibà àti ti orí fífọ́ ló sábà máa gbà lọ sílé. Ìbẹ̀rù kí wọ́n má pe òun ní wèrè kò sì ní jẹ́ kó ṣàlàyé síwájú.

Òfin

Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 1998, fún obìnrin tó ń gbowó oṣù ní ìsinmi ìbímọ ọ̀sẹ̀ 14: 6 ṣáájú ìbí, 8 lẹ́yìn rẹ̀. Odindi owó oṣù ló ń gbà, àjọ ìfẹ̀yìntì àti ìrànwọ́ òṣìṣẹ́ tó ń jẹ́ CNSS á san ìdajì, agbanisíṣẹ́ á san ìdajì. Tó bá padà dé, ó ní ẹ̀tọ́ sí wákàtí kan lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Ní ọdún 2012, Bẹ̀nẹ̀ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn 183 ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, tó dá lórí ààbò ìyá ọlọ́mọ.

Lórí fífi ìbálòpọ̀ yọ èèyàn lẹ́nu, òfin kan ti wà láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2006. Òmíràn tẹ̀lé e ní oṣù kìíní ọdún 2012, tó kó gbogbo ìwà ipá sí obìnrin pọ̀. Èyí tó le jù ni ti oṣù kejìlá ọdún 2021, tó gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí CRIET, ilé ẹjọ́ pàtàkì tí wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀ nítorí jẹgúdújẹrá àti ìpániláyà. Ọdún 2021 yẹn kan náà ni ìjọba dá Institut National de la Femme sílẹ̀, èyí tó ń gba ẹ̀sùn àwọn obìnrin.

Òfin wọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí òfin iṣẹ́ fúnni ló ń béèrè agbanisíṣẹ́. Ta ni yóò san ìdajì owó ọ̀sẹ̀ 14 fún oníṣẹ́ gààrí ní Kétu? Ibi tí òfin dúró sí nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ obìnrin ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀.

Ìrànlọ́wọ́ níbi iṣẹ́

Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 fi títún iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe sí ipò iwájú, kí ẹ̀kọ́ fún àwọn ọ̀gá àti ìmọ̀ràn fún òṣìṣẹ́ tó tẹ̀lé e. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ìwàásù lórí sùúrù kò lè dín wákàtí ìdí iná kù.

Ní ọ́fíìsì àti ilé ìwòsàn Àjàṣẹ́, títún iṣẹ́ ṣe túmọ̀ sí kí iṣẹ́ alẹ́ nọ́ọ̀sì má ṣe tẹ̀ léra jù, kí wọ́n má gbé ìyá ọmọ ọwọ́ lọ sí ìlú tó jìnnà sí ọkọ àti ẹbí rẹ̀, kí ẹni tí ọ̀gá ń yọ lẹ́nu sì rí ibi fi ẹjọ́ sùn tí kò ní gba ọwọ́ ọ̀gá náà kọjá. Lọ́jà, ó túmọ̀ sí ibòji, omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní ìlẹ̀kùn, àti ibi tí ọmọ kékeré lè sùn sí. Lóko, ó túmọ̀ sí ẹ̀yáwó tí ọjọ́ ìsan rẹ̀ bá ìkórè mu.

Èsúsú ni ohun tó lágbára jù tí wọ́n ti ní nílẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń dá a pọ̀ ń pàdé déédéé, wọ́n mọ ara wọn, wọ́n á sì tètè mọ̀ bí ẹnì kan kò bá wá. Ẹgbẹ́ tó bá yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó náà fún ẹni tó bímọ tàbí tó ṣàìsàn ti ṣe ohun tí CNSS kò lè ṣe fún un. Ó ní ibi tó kù sí: ojú tó mọ ọ̀rọ̀ ẹni lónìí lè sọ ọ́ kiri ọjà lọ́la, ẹni tí gbèsè ẹgbẹ́ náà gan-an ń pa lára kò sì ní lè sọ ọ́ níbẹ̀.

Àwọn àpẹẹrẹ kan wà nílẹ̀ Áfíríkà tó jọ mọ́ èyí. Ní Zimbabwe, Dixon Chibanda tó jẹ́ oníṣègùn ọpọlọ bẹ̀rẹ̀ Friendship Bench ní ọdún 2006: àwọn ìyá àgbà tí wọ́n ti kọ́ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì nítòsí ilé ìwòsàn, wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀, wọ́n sì ń bá aláìsàn wá ojútùú. Ìwádìí tó jáde ní ọdún 2016 fi hàn pé ara àwọn tó lọ síbẹ̀ yá ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú tó wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ní Tógò, Kamẹrúùnù àti Kọtidifúà, ètò Heal by Hair ti Marie-Alix de Putter ń kọ́ àwọn onídìrí bí wọ́n ṣe lè gbọ́ ti oníbàárà tí ọkàn rẹ̀ ń dàrú. Ìyálọ́jà ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Ouando láìgba ẹ̀kọ́ kankan: òun ni wọ́n ń sunkún lọ bá.

Ibi ìtọ́jú

Ilé ìwòsàn kọ́ ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ lọ. Àwọn kan á lọ bá babaláwo, àwọn kan á lọ bá àlùfáà mùsùlùmí, àwọn mìíràn á lọ sí Ìjọ Mímọ́ Láti Ọ̀run, tí Samuel Bilewu Oschoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní ọdún 1947. Ìtùnú wà níbẹ̀, ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ewu ibẹ̀ ni kí àìsàn tó ń béèrè oògùn pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ní Àrò, l'Ábẹ́òkúta, Adeoye Lambo tó jẹ́ oníṣègùn ọpọlọ ti fi hàn láti àwọn ọdún 1950 pé oníṣègùn ìbílẹ̀ àti dókítà lè ṣiṣẹ́ pọ̀, kí aláìsàn sì máa gbé láàárín ẹbí.

Ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ń pè ní CHUD Ouémé-Plateau wà ní Àjàṣẹ́. Ní Avrankou tí kò jìnnà síbẹ̀, ẹgbẹ́ Saint-Camille ti Grégoire Ahongbonon ń tọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ, pàápàá àwọn tí ẹbí ti kọ̀ sílẹ̀. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba wà ní Jacquot, ní Kútọnu. Láti Sábẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀ ju 200 kìlómítà lọ, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ fún aláìsàn àti ẹni tó ń mú un lọ sì ni ìdènà àkọ́kọ́. Bí obìnrin bá ń sọ pé ayé ti sú òun tàbí pé òun fẹ́ kú, wọn kì í fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Wọ́n á kó oògùn apakòkòrò oko kúrò nítòsí rẹ̀, wọ́n á sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó bá súnmọ́ jù lọ́jọ́ náà gan-an.