Ìbẹ̀rù àkóràn láti ara ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn

Ìbẹ̀rù àkóràn láti ara ẹ̀jẹ̀ ni àìbalẹ̀ ọkàn tó máa ń bá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ta sí lára, tàbí tó fọwọ́ kan ibi tí ẹ̀jẹ̀ wà, pé bóyá àrùn ti wọ òun lára. Òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe àìsàn, ṣùgbọ́n ó lè gba oorun lójú ènìyàn. Ó sì wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí èrò tó pé lé ẹni tó fara pa lójú títì tètè ràn án lọ́wọ́. Ní Àkúrẹ́ àti káàkiri ìpínlẹ̀ Oǹdó, HIV ló kọ́kọ́ máa ń sọ sí àwọn ènìyàn lọ́kàn. Hepatitis B, ọ̀kan nínú àwọn àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, àti ibà Lásà tún wà níbẹ̀.

Ọ̀nà tí àrùn ń gbà wọlé

Ìmọ̀ ìṣègùn kò ka ẹ̀jẹ̀ tó ta sí awọ ara tí kò bó, tí kò sì ní ojú ọgbẹ́, sí ọ̀nà tí HIV ń gbà ran ènìyàn. Abẹ́rẹ́ ló yàtọ̀. Bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi gún ẹni tó ní HIV bá gún òṣìṣẹ́ ìlera, nǹkan bí 3 nínú 1,000 irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń yọrí sí àkóràn. Bó bá jẹ́ ojú tàbí ẹnu ni ẹ̀jẹ̀ ta sí, kò tó 1 nínú 1,000.

Hepatitis B le ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Fún ẹni tí kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, ewu abẹ́rẹ́ tó gúnni yẹn wà láàárín 6 sí 30 nínú 100. HIV kì í pẹ́ kú bí ẹ̀jẹ̀ bá gbẹ, àmọ́ kòkòrò hepatitis B lè wà láàyè fún ọjọ́ 7, ó kéré tán, lójú abẹ tàbí lórí tábìlì. Òun náà ló sì pọ̀ jù láàárín ìlú: ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 bá HIV lára 1.4% àwọn àgbàlagbà ní Nàìjíríà, ó bá hepatitis B lára 8.1%. Ọdún 2004 ni Nàìjíríà fi àjẹsára rẹ̀ kún ti àwọn ọmọ ọwọ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n bí ṣáájú ìgbà náà kò gbà á rí.

Ẹ̀fọn kì í gbé HIV kiri, kò sì sí i nínú ẹ̀jẹ̀ màlúù lọ́wọ́ alápatà. Ohun tó ń kó ewu wá gan-an kì í fi bẹ́ẹ̀ dẹ́rù ba ènìyàn: abẹ kan ṣoṣo tí wọ́n fi sín gbẹ́rẹ́ fún gbogbo ọmọ ilé, abẹ olóólà tí wọ́n kàn fi aṣọ nù, kílípà onígbàjámọ̀ tó ha orí ẹnì kan bó tó sì bọ́ sórí ẹni tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó sá fún ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àárọ̀ lè jókòó sábẹ́ kílípà bẹ́ẹ̀ lálẹ́ láìbéèrè nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ ibà Lásà

Lásà ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí rọrùn ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìlú Lassa ní Borno ni wọ́n ti dá àrùn náà mọ̀ lọ́dún 1969, ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, Oǹdó, Ẹdó àti Bauchi wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ń rí i jù. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ ní ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú rẹ̀. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku tó bá gààrí tàbí èlùbọ́ tí wọn kò dé ló sábà máa ń mú un wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ tàbí èébì aláìsàn lè gbé e fún ẹbí tó ń tọ́jú rẹ̀ àti fún nọ́ọ̀sì. Níbẹ̀rẹ̀, ó jọ ibà lásán, ìdí nìyí tí aláìsàn fi sábà máa ń kọ́kọ́ gba kẹ́mísìtì lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí àrùn náà máa ń gbilẹ̀, wọn kì í fi ọwọ́ lásán nu ẹ̀jẹ̀ aláìsàn tí ara rẹ̀ gbóná, bó ti wù kí awọ ọwọ́ dá ṣáká tó. Síbẹ̀, bíbọ ara ẹni lọ́wọ́ tàbí jíjókòó tira kì í gbé Lásà. Ọjọ́ 21 ni wọ́n fi ń ṣọ́ ẹni tó fara kan aláìsàn.

Ìbẹ̀rù tí kò ní ìmọ̀ nídìí máa ń wá oògùn tirẹ̀. Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní oṣù Keje ọdún 2014, Èkó àti Port Harcourt ni gbogbo ẹni tó ní in wà, síbẹ̀ àwọn ènìyàn káàkiri orílẹ̀-èdè ń mu omi iyọ̀, wọ́n sì ń fi í wẹ̀.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ta síni lára

Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn tó fún awọ ara; omi mímọ́ nìkan ni fún ojú. Wọn kì í tẹ ojú ibi tí abẹ́rẹ́ gún kí ẹ̀jẹ̀ lè jáde, wọn kì í sì da bíríìṣì sí i. Bíríìṣì wà fún ilẹ̀: ife kan èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ 3.5%, pẹ̀lú ife omi mẹ́fà. Níbi tí ọ̀kadà ti dà nù lọ́nà Àkúrẹ́ sí Iléṣà, tí ìbọ̀wọ́ kò sí, ọ̀rá búrẹ́dì tí wọ́n wọ̀ sí ọwọ́ méjèèjì, tí kò lu, sàn ju ọwọ́ lásán lọ.

Bó bá jẹ́ pé abẹ́rẹ́ gúnni, tàbí ẹ̀jẹ̀ kan ojú ọgbẹ́ tútù, oògùn ìdènà HIV tí wọ́n ń pè ní PEP wà. Láàárín wákàtí 72 ni wọ́n gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n á sì lò ó fún ọjọ́ 28. Ilé ìwòsàn ìjọba tó ń tọ́jú àwọn tó ní HIV ni wọ́n ti ń wá a.

Bí ẹ̀rù náà kò bá lọ

Àyẹ̀wò HIV tí wọ́n fi ìka gún ṣe lè gba tó ọjọ́ 90 lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ kó tó fi gbogbo àkóràn hàn. Ti yàrá àyẹ̀wò tètè ń rí i ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan wà tí èsì wọn mọ́ lẹ́yìn àkókò yìí, tí wọ́n ṣì ń pààrọ̀ ibi àyẹ̀wò, tí wọ́n ń fọ ọwọ́ títí yóò fi bó, tí wọn kò jẹ́ kí ọmọ wọn fara kàn wọ́n. Nígbà yẹn, ìbẹ̀rù náà ti di ohun tí dókítà ọpọlọ ń tọ́jú, pẹ̀lú ìmọ̀ràn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àti oògùn nígbà mìíràn. Irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ wà ní Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n nítorí pé ilé wèrè làwọn ènìyàn ń pè é, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mìíràn ni ọ̀pọ̀ wọn tún máa ń lọ ṣe.