Àpòòwé Méjì fún Ìbò Kan

Ẹni tó bá ní ọmọ tàbí àbúrò ní Manchester á ti rí irú fọ́tò yìí rí lórí WhatsApp: àpòòwé méjì lórí tábìlì, wọ́n kọ A sára ọ̀kan, wọ́n kọ B sára èkejì, ife tíì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọmọ náà á ní òun ti dìbò tán, òun ò sì jáde nílé. Ọmọ Nàìjíríà ni, kò tíì di ọmọ onílùú níbẹ̀, ṣùgbọ́n òfin Ìlú Ọba gbà kí ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth tó ń gbé níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé àṣẹ dìbò. Tí fọ́tò náà bá dé Kubwa tàbí Sabon Gari ní Kánò, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń tẹ̀ lé e: "Ta ló wá mọ ohun tí ẹni tó ń gbé lẹ́tà máa ṣe sí i lójú ọ̀nà?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló máa ń bíni nínú. Kì í ṣe pé màgòmágó ò sí nínú ìbò inú àpòòwé. Ó wà dáadáa, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà kọ́ ló fi ṣe ilé. Ojú ọ̀nà ni àwọn tó ṣe ètò náà bẹ̀rù jù, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì tún ṣe jù.

Ti fọ́ọ̀mù àti ìforúkọsílẹ̀ ò le. Láti 2001 ni ẹnikẹ́ni ní England, Scotland àti Wales ti lè béèrè pé kí wọ́n fi ìwé ìdìbò ránṣẹ́ sí òun nílé láìsọ ìdí kankan. Èèyàn á ti béèrè kó tó ku ọjọ́ iṣẹ́ mọ́kànlá sí ìdìbò, ìbò náà sì gbọ́dọ̀ padà dé kí aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ ìdìbò tó lù. Èyí tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ti di bébà lásán. Nǹkan méjì tó yẹ ká mú dání nínú gbogbo rẹ̀ ni ọjọ́ ìbí àti ìfọwọ́sí tí olùdìbò fi sílẹ̀ lọ́jọ́ tó béèrè. Àwọn ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn.

Ìṣòro tí àpòòwé méjì wá yanjú rèé. Àwọn elétò ìdìbò gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó dìbò, kí ẹnì kan má baà dì í lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ mọ ẹni tó dì í fún. Ní ibùdó ìdìbò, èyí rọrùn: wọ́n á wo ojú èèyàn, wọ́n á sàmì sí orúkọ rẹ̀, wọ́n á fún un ní ìwé tí kò lórúkọ, ó di inú àgọ́. Nínú lẹ́tà ńkọ́? Orúkọ àti ìbò jọ wọ ọkọ̀ kan náà ni. Ibo ni wọ́n ti máa ya ara wọn?

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá ní Abuja mọ àpòòwé ìdámẹ́wàá: orúkọ lára, iye owó lára, owó nínú. Àwọn tó ń kà á ní yàrá ẹ̀yìn mọ̀ pé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ni Bàbá Káyọ̀dé san lóṣù tó kọjá, wọ́n sì mọ̀ pé toṣù yìí ò ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Bàbá náà á máa kí wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á dáhùn, ṣùgbọ́n ìdáhùn ọ̀hún ti yàtọ̀ díẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ká wá ní àlùfáà tuntun dé, ó ní òun fẹ́ mọ gbogbo ẹni tó san kí òun lè sàmì sí káàdì wọn, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mọ iye tí ẹnikẹ́ni san. Ọgbọ́n wo ló máa dá? Á ní kí kálukú fi owó sínú àpòòwé kékeré tí kò lórúkọ, kó lẹ̀ ẹ́ pa, kó wá ki kékeré bọ inú ńlá tó lórúkọ. Díákónì àkọ́kọ́ á gba ńlá, á wo orúkọ, á sàmì sí káàdì, á yọ kékeré jáde, á jù ú sínú apẹ̀rẹ̀. Nígbà tí igba àpòòwé kékeré bá ti pò pọ̀ nínú apẹ̀rẹ̀, díákónì kejì á wá jókòó tú wọn. Èkíní mọ orúkọ, kò mọ iye. Èkejì mọ iye, kò mọ orúkọ. Àwọn méjèèjì lè jọ jẹ mọ́ínmọ́ín lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kí wọ́n rojọ́ gbogbo ohun tójú wọn rí, síbẹ̀ iye tí Bàbá Káyọ̀dé san á ṣì pamọ́ fún wọn.

Àyàfi tó bá jẹ́ Bàbá Káyọ̀dé nìkan ló san lọ́sẹ̀ yẹn o. Àpòòwé kan ṣoṣo nínú apẹ̀rẹ̀ kò ní àṣírí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi ìbò pamọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Jámánì gan-an nìyẹn. Àpòòwé òde tiwọn pupa, kò ṣeé ṣì mú fún lẹ́tà mìíràn. Inú rẹ̀ ni àpòòwé kékeré wà, pẹ̀lú ìwé tí olùdìbò fọwọ́ sí, tó fi búra pé òun fúnra òun lòun sàmì sí ìwé ìdìbò náà. Wọ́n á yẹ ìwé ìbúra wò, wọ́n á sọ àpòòwé kékeré sínú àpótí láìtú u, ó di ẹ̀yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìdìbò kí wọ́n tó ṣí àpótí kí wọ́n sì máa kà. Lọ́dún 2021, 47.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò níbẹ̀ ló gba inú àpòòwé dì í. Ó mọ́ lójú, ó mọ́ lọ́wọ́.

Ìlú Ọba ní tiwọn fi nǹkan kún un, yàrá tí wọ́n ti ń ṣe é sì dùn ún wò. Ìdìbò á ṣì ku ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n á ti máa tú àpòòwé, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú á sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wò wọ́n. Àpòòwé B ni wọ́n ń kọ́kọ́ tú. Nǹkan méjì ló yẹ kó wà nínú rẹ̀: àpòòwé A tí wọ́n ti lẹ̀ pa, àti fọ́ọ̀mù tí olùdìbò kọ ọjọ́ ìbí sí tó sì fọwọ́ sí. Nọ́ńbà wà lára méjèèjì, ó sì gbọ́dọ̀ bára mu. Ẹ̀rọ á ya fọ́ọ̀mù náà, á gbé ìfọwọ́sí orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ti wà nílẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ní wọn ò jọra, èèyàn á tún fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Ibí yìí ni ìbò tí wọ́n jí lójú ọ̀nà ń kú sí. Olè lè sàmì síbi tó bá wù ú, ṣùgbọ́n kò mọ bí Àdùkẹ́ ṣe máa ń fa ìrù lẹ́tà tó gbẹ̀yìn orúkọ rẹ̀, kò sì mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i. Kó tó lè yí èsì ìdìbò padà, irú Àdùkẹ́ bẹ́ẹ̀ tó gbọ́dọ̀ mọ lè lé ní ẹgbẹ̀rún.

Wọn ò dédé dé ibẹ̀ o. Nínú ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ ọdún 2004 ní Birmingham, wọ́n fi ìbò inú àpòòwé ṣe màgòmágó tó pọ̀ débi pé, lọ́dún 2005, adájọ́ Richard Mawrey fagi lé èsì wọ́ọ̀dù méjì, Aston àti Bordesley Green. Nígbà yẹn, ojú ọ̀nà ṣí sílẹ̀ lóòótọ́. Òfin ọdún 2006 ló mú ọjọ́ ìbí àti ìfọwọ́sí tí wọ́n ń fi wé ara wọn dé. Ẹni tó bá ń sọ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń gbé lẹ́tà lónìí, ìtàn àtijọ́ ló ń sọ.

Ìbò tó ń jábọ́ ní yàrá náà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe ti olè. Ẹlòmíràn á kọ déètì ọjọ́ náà síbi tí wọ́n ní kó kọ ọjọ́ ìbí. Ẹlòmíràn á gbàgbé fọ́ọ̀mù sórí tábìlì ilé ìdáná. Tọkọtaya á jókòó, wọ́n á jọ kọ tiwọn, fọ́ọ̀mù ìyàwó á bọ́ sínú àpòòwé ọkọ. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á gbé èyí tó kọ́kọ́ dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á máa retí èkejì, bó bá dé, wọ́n á fún kálukú ní tirẹ̀.

Àwọn A tó yege á wá kọjá sórí tábìlì mìíràn. Bí wọ́n ṣe ń tú wọn, ìwé ìdìbò gbọ́dọ̀ dojú bolẹ̀. Nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wò, bóyá ó bá ti ara àpòòwé mu. Aṣojú ẹgbẹ́ tó bá yọjú wo ẹni tí wọ́n dì í fún, tó sì lọ ròyìn rẹ̀ níta, ti rú òfin. Wọ́n á sọ ọ́ sínú àpótí, wọ́n á fi èdìdì dì í títí di alẹ́ ọjọ́ ìdìbò.

Nọ́ńbà ẹ̀yìn yẹn ni kò dáa tó. Nítorí rẹ̀, bí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ, wọ́n lè tọ ipasẹ̀ ìwé kan dé ọ̀dọ̀ ẹni tó dì í. Wọ́n ń tọ́jú àwọn ìwé náà pamọ́ fún ọdún kan kí wọ́n tó run wọ́n, ṣùgbọ́n ó dà bí ìgbà tí díákónì kọ nọ́ńbà owó bébà Bàbá Káyọ̀dé sínú ìwé kan, tó ní ẹ má bínú, mo ti tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ti Jámánì tẹ́ni lọ́rùn jù ú lọ.

Ó wá ku ibi tí màgòmágó ń gbé: pálọ̀. Àpòòwé lè fi ìbò pamọ́ fún gbogbo ẹni tó bá pàdé rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pa. Kò rí nǹkan kan ṣe sí ẹni tó jókòó ti olùdìbò nígbà tó ń sàmì. Baálé ilé tó ní kí gbogbo ilé kó tiwọn wá sórí tábìlì, ìfọwọ́sí wọn á bára mu, ọjọ́ ìbí wọn á pé, ẹ̀rọ á sì gbà á. Faransé wò ó títí, ó pa ìbò inú lẹ́tà rẹ́ fún àwọn tó wà nílé lọ́dún 1975. Ẹni tí kò bá lè wá á yan ẹlòmíràn láti bá a dì í. Òfin ọdún 2022 ní Ìlú Ọba ò jẹ́ kí àwọn tó ń polongo ìbò fọwọ́ kan àpòòwé ẹni tí kì í ṣe ẹbí wọn tàbí ẹni tí wọ́n ń tọ́jú mọ́. Ó dáa, ṣùgbọ́n ẹbí ló ń gbé pálọ̀.

Ẹ wá gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ "dìbò kóo sebẹ̀". Ẹni tó ń ra ìbò ní ìṣòro kan tí àwọn èèyàn kì í sábà rò: kò mọ̀ bóyá ọjà tó sanwó rẹ̀ ló rí gbà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí olùdìbò ya fọ́tò ìwé ìdìbò nínú àgọ́, ìdí nìyẹn náà tí INEC fi ní kí ẹnikẹ́ni má mú fóònù wọ ibẹ̀. Páálí tí wọ́n fi dábùú tábìlì lábẹ́ igi máńgòrò ní Karu tàbí Nyanya yẹn, tí atẹ́gùn ń bì wó tí òṣìṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ń fi òkúta tì í, òun nìkan ló dúró láàárín olùdìbò àti ẹni tó fún un lówó. Ó lè gba owó, kó sì tẹ̀ka fún ẹni tó wù ú. Bí ìwé ìdìbò bá wá ń bá èèyàn nílé, páálí ti kúrò níbẹ̀. Ẹni tó sanwó á gbé àga sún mọ́ ọn, á wo àtàǹpàkò bó ṣe ń balẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa fi itọ́ lẹ àpòòwé. Ká má tíì sọ ti àdírẹ́sì: ní Mararaba, "ilé kẹta lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, géètì dúdú, ẹ béèrè Ìyá Ìbejì" ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń júwe ilé.

Ohun tí Nàìjíríà ní dípò rẹ̀ ni gbígbé orúkọ láti ibùdó kan sí òmíràn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lórí rẹ̀ ni pé PVC, káàdì ìdìbò wa, ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo bíi káàdì ATM. Rárá o. BVAS, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dá olùdìbò mọ̀, tó wà ní ibùdó ìdìbò kan, orúkọ àwọn ará ibùdó yẹn nìkan ló wà nínú rẹ̀. Kí ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ní Ọ̀gbọ́mọ̀ṣọ́ na káàdì sí i ní Kubwa títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò mọ̀ ọ́n. Òfin Ìdìbò ọdún 2022, tí wọ́n lò fún ìdìbò ọdún 2023, ní kí ẹni tó bá fẹ́ gbé orúkọ rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ kọmíṣánà INEC ní ibi tó ń gbé báyìí, kó tó ku àádọ́rùn-ún ọjọ́ sí ìdìbò.

Àmọ́ gbígbé orúkọ kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú àpòòwé. Àpòòwé ń gbé ìbò padà lọ síbi tí orúkọ wà. Gbígbé orúkọ ní tirẹ̀ ń mú kéèyàn fi ibẹ̀ sílẹ̀ ni. Ẹni tó gbé tirẹ̀ láti Ọ̀gbọ́mọ̀ṣọ́ wá sí Kubwa á dìbò ààrẹ, á dìbò fún sẹ́nétọ̀ kan ṣoṣo tí Abuja ní, fún ọ̀kan nínú aṣojúṣòfin rẹ̀ méjì, àti fún alága Bwari. Gómìnà ò sí ní Abuja, mínísítà ni ààrẹ ń yàn síbẹ̀. Ìbò gómìnà Ọ̀yọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn tí kò fẹ́ kó bọ́ ló ń lọ sí páàkì. Ọkọ̀ kì í rìn lọ́jọ́ ìdìbò, nítorí náà wọ́n á ti kúrò ní Abuja lọ́jọ́bọ̀, ó pẹ́ tán, ìdájí Jímọ̀. Lọ́dún 2023, ọjọ́ 25 oṣù kejì ni wọ́n dìbò ààrẹ, ọjọ́ 18 oṣù kẹta ni wọ́n dìbò gómìnà. Ẹni tó bá fẹ́ di méjèèjì nílé, lọ-bọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ló san lójú ọ̀nà Lọ́kọjá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.