Ohun Tí Ìtànṣán Òfurufú Ń Fi Ẹsẹ̀ Enable Ṣe

Nínú sátẹ́láìtì, rẹgulétọ̀ ni ó ń sọ iná tí ó ti inú bátìrì wá di ìwọ̀n tí kọ̀ǹpútà ibẹ̀ lè gbà. Bí ó ṣe ń ṣe é kì í ṣe ọ̀rọ̀ tibí. Ẹsẹ̀ kan lára rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn, ẹsẹ̀ enable, èyí tí ó ń pinnu ìgbà tí yóò tàn àti ìgbà tí yóò kú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lò ó máa ń ṣí ìwé àlàyé chip, wọn a wo òpó tí wọ́n kọ typical (bí ó ṣe sábà máa ń rí) sí lórí, wọn a rí 1.2 V, wọn a sì gbé gbogbo ìṣirò wọn lé e. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe àdéhùn rárá. Ohun méjì ni ẹni tó ṣe chip náà bá oníbàárà ṣàdéhùn: ìwọ̀n kan wà tí ó jẹ́ pé bí fólítì ẹsẹ̀ náà kò bá tó o, rẹgulétọ̀ kò gbọdọ̀ tàn, òmíràn wà tí ó jẹ́ pé bí ó bá ti kọjá rẹ̀, dandan ni kí ó tàn. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì, kò sí ẹni tí a lè bá ṣẹjọ́.

Inú chip ni comparator wà, tí ó ń fi fólítì ẹsẹ̀ enable wé fólítì mìíràn tí wọ́n fi síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n. Lọ́pọ̀ ìgbà, bandgap, àyíká inú chip tí ń pèsè fólítì tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ni òṣùwọ̀n náà, tí ó máa ń wà nítòsí 1.2 V. Kóńgò ni. Oníṣòwò tí ó fi òòlù lu ìdí kóńgò rẹ̀ wọnú ṣì ń ka kóńgò mẹ́wàá fún oníbàárà, kò fo ọ̀kan, kò ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n gàárì tí ó délé ti dín. Oníbàárà kò sì lè mọ̀ láìgbé kóńgò mìíràn wá. Ìtànṣán òfurufú ni òòlù tí ń lu ìdí kóńgò yìí, díẹ̀díẹ̀, fún ọdún púpọ̀.

Bí ìtànṣán bá gba inú silicon dioxide, ìpele tí iná kì í gbà kọjá tí ó wà lára transistor (ìyípadà kékeré inú chip), kọjá, ó máa ń tú electron àti hole (àyè tí electron fi sílẹ̀) sílẹ̀ níbẹ̀. Electron a tètè jáde. Hole púpọ̀ a há síbẹ̀, a sì máa kó jọ. Nítorí èyí, nínú MOSFET, irú transistor tí fólítì ń tàn, n-channel a bẹ̀rẹ̀ sí í tàn ní fólítì tí ó kéré sí ti tẹ́lẹ̀, p-channel a sì máa béèrè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ enable tí kò ní bandgap, tí inverter lásán (kì í ṣe ti iná ilé, àyíká kékeré inú chip tí ń sọ fólítì gíga di kékeré, tí ń sọ kékeré di gíga) wà nídìí rẹ̀, yóò máa bá wọn yí. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi irú rẹ̀ ṣọ́ fólítì. Bandgap dúró ṣinṣin jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n transistor bipolar, irú mìíràn tí kì í ṣe MOSFET, ni ó gbé e ró, ìtànṣán tí ó ń rọra wọlé sì máa ń ba ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ju èyí tí ó rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń dán wọn wò ní 0.01 rad (rad ni a fi ń wọn ìtànṣán tí nǹkan gbà, krad kan sì jẹ́ 1,000 rad) ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí 100 krad fi ń gba bí ọjọ́ 116, nígbà tí 50 rad ní ìṣẹ́jú àáyá kan ì bá parí rẹ̀ kí ìṣẹ́jú 35 tó pé.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé ẹnìkan fi rẹsísítọ̀ 27 kΩ àti 10 kΩ pín fólítì àbáwọlé fún ẹsẹ̀ enable. Bí òṣùwọ̀n bá jẹ́ 1.2 V, rẹgulétọ̀ yóò tàn ní 4.44 V. Bí ìwé bá gbà kí ó wà láàárín 1.1 V sí 1.3 V lẹ́yìn ìtànṣán, ibi tí yóò ti tàn lè bọ́ sí 4.07 V tàbí kí ó gùn dé 4.81 V. Iná 5 V tí wọ́n gbà kí ó fi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún dín lè wálẹ̀ dé 4.75 V; níbẹ̀, rẹgulétọ̀ kò ní tàn, bẹ́ẹ̀ ohunkóhun kò bàjẹ́.

Ohun tí ó gbọ́n jù nínú ètò yìí ni hysteresis, àlàfo tí wọ́n fi sáàárín ìwọ̀n títàn àti ìwọ̀n kíkú. Bí rẹgulétọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, ó máa ń fa iná púpọ̀, fólítì àbáwọlé a sì rẹlẹ̀. Láìsí àlàfo, yóò kú, fólítì á gbéra, yóò tún tàn, kò sì ní dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n àlàfo kò gba comparator lọ́wọ́ ion wíwúwo (átọ̀mù tí ó ní iná lára) tí ó bá gba inú rẹ̀ gan-an kọjá, tí ó sì mú kí ó parọ́ fún àkókò kúkúrú. Kápásítọ̀ tí wọ́n ń so mọ́ ẹsẹ̀ enable kò lè gbà á pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń lò ó bí oògùn gbogboǹṣe. Irọ́ tí ó ti ìta wá, láti ara chip tí ó ń darí ẹsẹ̀ náà, nìkan ni ó lè sẹ́: 10 nF pẹ̀lú rẹsísítọ̀ méjì òkè yìí ń fúnni ní bí 73 µs, kò sì fi bẹ́ẹ̀ dá títàn dúró, nítorí soft-start (títàn díẹ̀díẹ̀ rẹgulétọ̀) fúnra rẹ̀ sábà máa ń gba mílísẹ́kọ́ǹdì. Irọ́ ti inú comparator, ọwọ́ ẹni tó ya àwòrán chip ni ó wà, yálà kí ó fi transistor tí ó tóbi sí i, kí ó fi asẹ́ sínú chip, tàbí kí ó kọ́ comparator mẹ́ta tí yóò máa dìbò.