Bí owó ìrànwọ́ ìjọba ṣe ń gbé ilé sókè kúrò lọ́wọ́ omíyalé ní Houston

Ní àdúgbò Meyerland ní Houston, omi wọ ilé lọ́dún 2015, ó tún wọlé lọ́dún 2016, nígbà tó sì di 2017, ìjì Harvey dé. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá lónìí á rí ilé kan tó ṣì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, á sì rí òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ga fíofío, tó jẹ́ pé àtẹ̀gùn gígùn ni wọ́n fi ń wọ inú rẹ̀. Ilé àtijọ́ náà ni o, wọn ò wó o. Ńṣe ni wọ́n gbé e sókè, owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ ló sì ṣe é fún àwọn kan nínú wọn.

Onílé kò lè fúnra rẹ̀ kọ̀wé béèrè owó yìí lọ́wọ́ FEMA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àjálù ní Amẹ́ríkà. Ìjọba ìlú tàbí ti káúńtì ló ń kó orúkọ àwọn ilé jọ, tí wọ́n á gbé e fún ìpínlẹ̀ Texas, ìpínlẹ̀ náà á sì gbé e síwájú FEMA. Bí ìlú bá dákẹ́, kò sí ohun tí onílé lè ṣe. Ọ́fíìsì ìlú ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ kàn, kì í ṣe FEMA.

Àpò méjì ló wọ́pọ̀ jù tí owó náà ti ń jáde. Ọ̀kan lè ṣí lẹ́yìn tí ààrẹ bá ti kéde pé àjálù ńlá ṣẹlẹ̀. Èkejì so mọ́ inṣọ́ránsì omíyalé tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1968, ilé tí kò bá sì ní inṣọ́ránsì náà kò lè jẹ níbẹ̀. Ìdá 75 nínú 100 owó iṣẹ́ ni FEMA sábà máa ń san, ìyókù di ti onílé tàbí ìlú. Nínú àpò kejì, ó lè di ìdá 90 fún ilé tí omi ti bà jẹ́ léraléra, ó sì lè di gbogbo owó pátá fún èyí tó burú jù, irú bí ilé tí inṣọ́ránsì ti sanwó lé lórí nígbà mẹ́rin, tí owó ìgbà kọ̀ọ̀kan sì ju 5,000 dọ́là lọ.

Báwo ni ilé ṣe gbọ́dọ̀ ga tó? Ó kéré tán, ó gbọ́dọ̀ ga dé ibi tí máàpù sọ pé omi lè ga dé nínú omíyalé tí wọ́n ń pè ní ti ọgọ́rùn-ún ọdún, òfin ìlú sì lè béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ yẹn ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Kò túmọ̀ sí pé ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́gọ́rùn-ún ọdún ló ń dé. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé lọ́dọọdún, ìdá 1 nínú 100 wà pé ó lè dé. Láàárín 30 ọdún téèyàn fi ń san gbèsè ilé, ó ti di nǹkan bí ìdá 26.

Iṣẹ́ gbígbé gan-an ló ṣòro gbà gbọ́. Orí pẹpẹ kọnkéré tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni ọ̀pọ̀ ilé Houston jókòó lé, kò sí àyè kankan lábẹ́ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ á fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ọ̀nà wọ abẹ́ ilé, wọ́n á máa rá wọlé bí ẹni tó wọ ihò òkété, wọ́n á sì máa kó erùpẹ̀ jáde. Wọ́n á ri òpó mọ́lẹ̀, wọ́n á gbé jáàkì lé e, wọ́n á so gbogbo jáàkì mọ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo kí wọ́n lè jọ dìde pọ̀. Bí igun kan bá ṣáájú igun kejì, ògiri á là. Díẹ̀díẹ̀ nilé ń gòkè, bó sì ṣe ń gòkè ni wọ́n ń to gẹdú dábùú ara wọn sábẹ́ rẹ̀, kó má baà jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á mọ ògiri ìsàlẹ̀, wọ́n á sì dìídì dá ihò sí i lára: ó kéré tán ihò méjì, íǹṣì 1 níbùú lóròó fún ẹsẹ̀ bàtà 1 níbùú lóròó tí ògiri náà yí ká. Omi tí kò rọ́nà wọlé á ti ògiri títí á fi wó, nítorí náà wọ́n fún un láyè kó wọlé kó sì jáde. Ọkọ̀ àti ẹrù lásán ló lè wà nísàlẹ̀ yẹn. Kò gbọdọ̀ di yàrá, ẹ̀rọ amúlétutù pàápàá gbọ́dọ̀ gòkè.

Owó náà lè san háyà ibi tí ìdílé sá sí lásìkò iṣẹ́, àmọ́ kì í san owó oúnjẹ. Bí àgbàlagbà tí orókún ń dà láàmú bá wà nínú ilé, ìwé dókítà lè mú kí wọ́n fi ọ̀nà tí kò ní àtẹ̀gùn kún iṣẹ́ náà.

Ìdúró ló ń pa èèyàn lára jù. Ó lè ju ọdún kan lọ kí ìdáhùn tó dé, ẹni tó bá sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí FEMA tó fọwọ́ sí i ti pàdánù owó náà nìyẹn. Òfin yìí le jù fún aláìní. Ẹni tí kò ní ibòmíràn tó lè sùn sí, tí omi ti ba ilé rẹ̀ jẹ́, báwo ló ṣe fẹ́ dúró lọ́dún kan? Yorùbá pọ̀ ní Houston, ó sì yẹ kí ẹni tó ní ilé níbi tí omi ń dé mọ̀ èyí kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Tí iṣẹ́ bá parí, sọ̀féyọ̀ á wá wọn gíga ilé, á sì fún onílé ní ìwé ẹ̀rí. Wọ́n á tún kọ ọ́ mọ́ ìwé ilé lọ́dọ̀ ìjọba káúńtì pé inṣọ́ránsì omíyalé kò gbọdọ̀ kúrò lórí rẹ̀ láé, ẹni yòówù kó rà á.