Ibi tí Westlife ti ń dìde lórí àga

Ẹni tó bá ní ẹwà ojú ló gbé Westlife, ẹgbẹ́ akọrin ọkùnrin láti Ireland, dé Ìkòròdú, kò tíì fara balẹ̀ gbọ́ wọn. Àìmọye ẹni tó ń bá wọn kọrin ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Sábó ni kò lè tọ́ka sí Kian tàbí Nicky nínú wọn. Orin náà gan-an ni kí á tú wò.

Bí wọ́n ṣe kó wọn jọ kò lọ́jú pọ̀. Louis Walsh, máníjà wọn nígbà náà, mú àwọn ọ̀dọ́ kan láti Sligo ní Ireland lọ bá Simon Cowell, ọ̀gá kan ní iléeṣẹ́ tó ń gbé orin jáde, ìyẹn ní kó yọ mẹ́ta kúrò. Wọ́n wá Nicky àti Brian kún un. Láti 1999, orin méje àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé jáde ló gba ipò kìíní nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Inú lílé àti ègbè ni ọgbọ́n wà. Shane ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ohùn nílẹ̀, bí ẹni ń bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. Àwọn yòókù a gbè é. Mark a gba lílé kejì, a gbé tirẹ̀ lọ sókè díẹ̀. Orí àga gíga tí wọ́n máa ń jókòó lé kọrin ni wọ́n ṣì wà. Nígbà tí etí bá ti gbọ́ ègbè náà lẹ́ẹ̀mejì, tó fẹ́ máa sú u, ohun èlò a rọlẹ̀, a fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́. Lójijì, wọn a gbé gbogbo orin náà sókè: ọ̀rọ̀ kan náà, orin kan náà, àmọ́ ó ti ga ju ti tẹ́lẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń dìde.

Ohun tí onígángan ń ṣe náà nìyẹn nígbà tó bá fi apá fún osán, tí ohùn ìlù ń gòkè, tí bàbá ìyàwó tó ti fẹ́ jókòó tún padà sójú agbo, tó tún ki ọwọ́ bọ àpò, tí màmá ìyàwó náà sì ń wá ẹni tó máa bá a ṣẹ́ owó.

Oníkíbọ́ọ̀dù níbi ìgbéyàwó kì í da ara rẹ̀ láàmú: bọ́tìnnì transpose, èyí tó ń gbé ohùn orin sókè, ló máa tẹ̀, ìka rẹ̀ ò ní kúrò níbi tó wà. Akọrin ni wàhálà bá. Ẹni tó ti gbé ohùn jù níbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló ń há sí, àwọn àlejò ló máa bá a parí rẹ̀.

Nítorí pé iṣẹ́ ni wọ́n pín, kíkúrò Brian ní 2004 kò dá wọn dúró: orin wọn You Raise Me Up gba ipò kìíní ní 2005, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn mìíràn ti kọ ọ́ ṣáájú wọn. Wọ́n tú ká ní 2012, wọ́n tún kóra jọ ní 2018. Àbùkù ètò náà ò ju pé Kian àti Nicky kì í fi bẹ́ẹ̀ rí lílé gbà.