Kí ló dé tí mínísírì àánú tó ń lọ sábúlé fi máa ń tètè kú? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ní Abẹ́òkúta níbí, ó ṣòro kéèyàn rí ṣọ́ọ̀ṣì tí ò tíì gbé ìrẹsì àti aṣọ lọ sábúlé rí, apá Ọ̀dẹ̀dá ni o, ọ̀nà Ìmálà ni o, Ọbáfẹ́mi Owódé ni o. Àmọ́ ẹ padà lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, kẹ́ ẹ wá bi ìyá tí wọ́n gbé oúnjẹ fún nígbà yẹn pé àwọn èèyàn yẹn ńkọ́. Yóò ní òun ò rí wọn mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an, torí ọkàn tó mọ́ ni ọ̀pọ̀ fi bẹ̀rẹ̀, owó sì wọlé, síbẹ̀ iṣẹ́ náà kú. Àwọn ìbéèrè táwọn tá a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí máa ń bi mí ni mo kó jọ síbí.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló fà á tó fi jẹ́ mínísírì tí owó ń ya wọlé fún níbẹ̀rẹ̀ ló ń tètè túká? Ṣebí òun gan-an ló yẹ kó pẹ́.

Tẹ́ ẹ bá wo oṣù tí owó ń wọlé, kẹ́ ẹ tún wo oṣù tí ebi ń pa àwọn èèyàn lábúlé, ó máa yé yín. Owó àánú lọ́dọ̀ wa, Ìkórè àti Kérésì ló ń bá rìn. Tó bá ti di oṣù kọkànlá, ara gbogbo èèyàn á yá gágá láti fúnni, báàgì ìrẹsì á máa wọlé, àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun á fowó ránṣẹ́, bọ́ọ̀sì á kún. Kò burú. Ṣùgbọ́n lóṣù kejìlá yẹn gan-an, ará oko ṣì ń rí nǹkan jẹ, iṣu ṣì wà lábà, àgbàdo gbígbẹ ṣì so kọ́ lókè ààrò, ẹni tó ń ṣe láfún ń rí oòrùn sá a. Ìgbà tí ìyà ń dé gan-an ni oṣù kẹrin sí ìkẹfà, òjò ti dé, wọ́n ti gbin èbù iṣu, àgbàdo ti wọlẹ̀, gbogbo owó ọwọ́ ti bá iṣẹ́ oko lọ, ohun tuntun ò sì tíì jáde. Kí wọ́n tó mí díẹ̀, oṣù kẹsàn-án á dé, síkúù á wọlé, ìwé àti yúnífọ́ọ̀mù. Ẹ wo àwọn oṣù wọ̀nyẹn dáadáa, bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì mélòó lẹ rí lójú ọ̀nà?

Ibi tó ti ń bàjẹ́ nìyí: oṣù kejìlá la máa ń ṣèlérí. Owó wà lọ́wọ́, inú wa ń dùn, àwọn ìyá ń gbàdúrà fún wa, ẹnì kan á wá sọ pé "a ó máa wá lóṣooṣù," wọ́n á kọ orúkọ ìdílé ogójì sílẹ̀ torí pé owó ọjọ́ yẹn ká ìdílé ogójì. Títí oṣù kejì á ku àwọn mélòó kan tó ń dáwó. Tó bá fi máa di oṣù karùn-ún, olùdarí á ti máa yáwó, tàbí kó máa fi owó ilé rẹ̀ kún un, ìyàwó ẹ̀ ò ní mọ̀, tó bá yá ojú á tì í, kò ní gbé fóònù baálẹ̀ mọ́. Kò jalè o, kò sì burú. Ìlérí tó ṣe ló ju owó tó ń wọlé déédéé lọ. Ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí kò ju ẹyọ kan lọ: oṣù tó gbẹ jù lọ́dún ni kẹ́ ẹ fi díwọ̀n ìlérí yín, ẹ má fi Kérésì díwọ̀n ẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé ìyẹn ò ní jẹ́ àìnígbàgbọ́? Ọlọ́run tó fi ẹyẹ ìwò bọ́ Èlíjà, ṣé kò lè bọ́ ìdílé ogójì?

Ó lè ṣe é. Àmọ́ ẹ ka 1 Àwọn Ọba 17 yẹn síwájú, odò tó ń mu nínú ẹ̀ gbẹ, Ọlọ́run sì rán an lọ sílé opó kan tó ń ṣa igi lẹ́nu bodè. Ìgbàgbọ́ Èlíjà ò kéré, odò náà sì gbẹ. Jésù fúnra ẹ̀ ló sọ nínú Lúùkù 14 pé ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ á kọ́kọ́ jókòó ṣírò ohun tó máa ná an. Pọ́ọ̀lù náà, nígbà tó ń gbá owó jọ fáwọn aláìní ní Jerúsálẹ́mù, ohun tó sọ fáwọn ará Kọ́ríńtì nínú ìwé àkọ́kọ́, orí 16, ni pé kí kálukú máa ya nǹkan sọ́tọ̀ lọ́jọ́ kìíní ọ̀sẹ̀, bó bá ṣe rí, kó má ṣe jẹ́ ìgbà tóun bá dé ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kówó jọ. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn gan-an. Àpọ́sítélì ni, ó lè dé lọ́jọ́ kan kó wàásù títí omijé á fi bọ́ lójú gbogbo èèyàn, kówó sì ya wọlé. Kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ ló fẹ́.

Ìbéèrè: Ó dáa, báwo la ṣe máa mọ iye ìdílé tí agbára wa ká?

Ẹ jẹ́ n fi àpẹẹrẹ ṣàlàyé. Ká ní èèyàn 25 ló gbà láti máa dá 2,000 náírà lóṣù, 50,000 nìyẹn lórí ìwé. Ẹ wá wo ìwé ọdún tó kọjá, ẹ ó rí i pé oṣù kan wà tó jẹ́ èèyàn 14 péré ló dá a, 28,000. Iye yẹn gan-an lowó yín, ẹ gbàgbé 50,000. Ẹ yọ owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, ká pè é ní 8,000, ó ku 20,000. Tó bá jẹ́ oúnjẹ 5,000 lẹ fẹ́ máa gbé fún ìdílé kọ̀ọ̀kan, ìdílé mẹ́rin ni. Mo mọ̀ pé ó kéré lójú, ó sì máa ń dun àwọn èèyàn tí mo bá sọ ọ́, àmọ́ ìdílé mẹ́rin tẹ́ ẹ ò já kulẹ̀ fọ́dún márùn-ún sàn fún wọn ju ogójì tẹ́ ẹ pa tì lóṣù kẹta. Owó tó bá lé láwọn oṣù tó dáa, ẹ má fi kọ orúkọ tuntun, ẹ tọ́jú ẹ̀ sínú akáǹtì fún oṣù kẹrin sí ìkẹfà àti fún síkúù.

Ẹ má sì fojú kéré owó ọkọ̀ yẹn. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún 2023, lítà kan ò tó 200 náírà, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti lé ní 480. Àwọn tó ń lọ sábúlé lẹ́ẹ̀mejì lóṣù kàn ṣàdédé rí i pé mọ́tò ló ń jẹ oúnjẹ àwọn opó. Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ nígbà yẹn ni pé a kúrò ní rírìn káàkiri, abúlé tó súnmọ́ ara wọn lójú ọ̀nà kan la mú, a sì ń ra ẹ̀wà àti epo lọ́jà ibẹ̀, a ò gbé e láti ọjà Kútọ̀ l'Abẹ́òkúta mọ́. Owó náà tún ń kù sọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀.

Ìbéèrè: Ta ló yẹ ká kọ orúkọ ẹ̀? Ṣé ọmọ ìjọ nìkan ni?

Rárá o. Ilé Ẹ̀gbá ni a wà, àbúrò ń lọ mọ́ṣáláṣí, ẹ̀gbọ́n ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìkòkò kan náà ni wọ́n ń sè. Tẹ́ ẹ bá fún ọ̀kan tẹ́ ẹ fo ìkejì, ìjà lẹ gbé wọlé. Ẹ tọ baálẹ̀ lọ kí ẹ kí i, ìyẹn pọn dandan, àmọ́ ẹ má gba ìwé orúkọ lọ́wọ́ ẹ̀ nìkan. Ẹ bi àwọn ìyá tó ń bó ẹ̀gẹ́, ẹ bi tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ibẹ̀, tíṣà mọ ọmọ tó ń sùn ní kíláàsì torí ebi. Orúkọ tó bá ti jáde lẹ́nu èèyàn mẹ́ta tí ò gbìmọ̀ pọ̀, òun ni. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6 fi hàn wá pé àwọn ìjọ àkọ́kọ́ náà níjà lórí oúnjẹ, àwọn opó tó ń sọ Gíríìkì ni wọ́n ń fò, wọ́n sì ní láti yan èèyàn méje tí iṣẹ́ wọn á jẹ́ kìkì ìyẹn. Ẹ yan tiyín náà, kí pásítọ̀ má máa pín nǹkan.

Ìbéèrè: Ṣé oúnjẹ ló dáa ká máa fún wọn àbí owó tí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?

Ebi kì í wọnú kọ́rọ̀ míì wọ̀ ọ́, oúnjẹ lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè tí Èlíṣà bi opó tó jẹ gbèsè nínú 2 Àwọn Ọba 4: kí lo ní nílé? Òróró ìkòkò kan ló ní, orí ìyẹn ni ìrànlọ́wọ́ ti bẹ̀rẹ̀, ó tà á, ó san gbèsè, òun àtàwọn ọmọ ẹ̀ sì ń jẹ ìyókù. Ọ̀pọ̀ wa ò bi wọ́n ní ìbéèrè yìí. A ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lọ bá ẹni tí ò ránṣọ rí, torí pé ẹni tó fowó sílẹ̀ fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lágbègbè wa, ẹ̀gẹ́ lọ̀pọ̀ àwọn ìyá yẹn ní. Wọ́n á bó o, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, wọ́n á yọ okùn inú ẹ̀, wọ́n á sá a sórí àpáta tó pọ̀ lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá yẹn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó máa ń tètè gbẹ, ó sì máa funfun. Tójò bá dé, kò ní gbẹ, á bu, á dúdú, olówó á wá rà á ní owó pọ́ọ́kú. Ìdí nìyẹn tí oṣù òjò fi le jù fún opó tó jẹ́ láfún nìkan ló ń ṣe. Owó tó máa yí ọ̀rọ̀ padà níbẹ̀ ò tiẹ̀ pọ̀, tapólìn tó nípọn àti pẹpẹ tí wọ́n fi igi kàn, tàbí kẹ́ ẹ san owó ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ àti owó igi ìdáná fún un kó lè dín gàrí láwọn oṣù yẹn, torí iná ló ń gbẹ gàrí, kò dúró de oòrùn. Ẹ fún un lóṣù kẹta, kí òjò tó dé. Tẹ́ ẹ bá gbé owó yẹn kan náà lọ fún un lóṣù kejìlá, aṣọ ọdún ló máa bá lọ, ẹ ò sì lè bá a wí.

Ẹ̀yáwó ńkọ́? Èmi ò fara mọ́ ọn kí mínísírì máa yá wọn lówó, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá lọ sin gbèsè lẹ ò lè wàásù fún wọn mọ́. Èésú wà lábúlé, wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe jù wá lọ. Tí ẹ bá fún ìyá náà ní nǹkan tó fi máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ máa dá èésú láàárín ara wọn, ọwọ́ yín ò gbọdọ̀ sí níbẹ̀.

Ìbéèrè: Àwọn tó ń fowó sílẹ̀ máa ń fẹ́ fọ́tò, ká wá ṣe báwo?

Ẹ ya fọ́tò báàgì, ẹ ya risíìtì, ẹ ya pẹpẹ láfún, ẹ ya ẹ̀yìn ọmọ tó ń lọ síkúù. Ojú opó tó ń gba kóńgò gàrí, ẹ má gbé e sórí Facebook. Ọmọ ẹ̀ wà l'Ékòó tó máa rí i. Ẹni tó bá ní òun ò ní dáwó mọ́ àfi tóun bá rí ojú, ẹ fi pẹ̀lẹ́ jẹ́ kó lọ. Ohun tó ń mú kí olùrànlọ́wọ́ dúró tì yín ni ìwé ìṣirò, oṣooṣù, sórí WhatsApp wọn: iye tó wọlé, iye tó jáde, iye tó kù, títí dórí owó ọ̀kadà. Pọ́ọ̀lù ò dá gbé owó tó gbá jọ fún Jerúsálẹ́mù yẹn, ó ní kó má baà sí ẹni tó máa rí ẹ̀sùn kà sí àwọn lẹ́sẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé dandan ni ká forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba?

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbowó lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ará ìjọ yín, ó dáa kẹ́ ẹ ṣe é. Ọ̀dọ̀ CAC ni, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ òfin ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní CAMA 2020, gẹ́gẹ́ bí Incorporated Trustees, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ní àwọn alábòójútó tí ìjọba mọ̀. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ gbé ìkéde sínú ìwé ìròyìn méjì, wọ́n á fún ará ìlú ní ọjọ́ 28 kẹ́ni tó bá lọ́rọ̀ lè sọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ ní SCUML, ẹ̀ka tó ń gbógun ti fífi owó ẹ̀gbin pamọ́ lábẹ́ EFCC, bánkì máa béèrè ìwé ẹ̀ kí wọ́n tó ṣí akáǹtì. Ọdọọdún lẹ ó máa fi ìwé ránṣẹ́ sí CAC, láàárín 30 oṣù kẹfà sí 31 oṣù kejìlá. Òfin yẹn ò gbà kí ẹnikẹ́ni nínú yín pín owó náà bí èrè, àmọ́ ó gbà kẹ́ ẹ san owó tó tọ́ fún ẹni tó ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ san owó ọkọ̀ àwọn ọ̀dọ́ yẹn.

Ìbéèrè: Olóṣèlú fẹ́ fún wa ní ìrẹsì, ṣé ká gbà á?

Tí àwòrán ẹ̀ bá wà lára báàgì, ẹ má gbà á. Tí kò bá sí, tí ìbò ò sì tíì súnmọ́, ẹ gbà á, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé bíi ti ẹlòmíì, àmọ́ ẹ má fi ka iye ìdílé yín.

Ìbéèrè: Kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ náà tí olùdarí bá kó lọ tàbí tó kú?

Àwọn míṣọ́nnárì Kátólíìkì dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Làǹtòrò lọ́dún 1895. Gbogbo àwọn tó dá a sílẹ̀ ti sùn tipẹ́, wọ́n ṣì ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ò sí lórí fóònù ẹnì kan. Ẹ wo tiyín: ta ló mọ ọ̀nà abúlé náà yàtọ̀ sí olùdarí? Ta ló mọ orúkọ àwọn ọmọ? Orúkọ èèyàn mélòó ló wà lórí akáǹtì? Tó bá jẹ́ ẹnì kan náà ni ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹlòmíì dání láti oṣù tó ń bọ̀, kí olùdarí sì dúró sílé nígbà míì.

Ìbéèrè: Tí owó bá wá tán lóòótọ́ ńkọ́?

Ẹ lọ sọ fún wọn, ẹ má fi fóònù sọ ọ́, ẹ má sì rán ọmọdé. Kó tó tán ni kẹ́ ẹ lọ, nígbà tó ṣì ku oúnjẹ oṣù méjì, kó má bọ́ sí ìgbà tí wọ́n ti náwó tán sóko. Ẹ jókòó pẹ̀lú ìdílé kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ iye oṣù tó kù, ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n máa ṣe lẹ́yìn ìyẹn, mọ̀lẹ́bí wo ló wà tá a lè pè, ọmọ wo nílé ìwé ni kò gbọdọ̀ dúró. Tó bá jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo lẹ lè máa san owó ìwé ẹ̀ nìṣó, ẹ máa san án. Ẹ sì máa lọ kí wọn, kódà tọ́wọ́ bá ṣófo. Ìyá kan ní ọ̀nà Ìmálà sọ fún mi pé ìgbà tí a ò gbé nǹkan kan dání tá a sì wá, ìgbà yẹn lòun tó gbà pé kì í ṣe tìtorí fọ́tò la ṣe ń wá.